Ẹní Ìṣínu Níwájú Gbọ̀ngàn Ìgbéyàwó

Ààwẹ̀ kẹsàn-án

Gbogbo àdúgbò Sidra ló ba ààwẹ̀ jẹ́ lónìí, èmi náà sì wà níbẹ̀. A ti jókòó, dàbínù wà lọ́wọ́, a ń retí ìró àgbá ìṣínu tí àwọn ọlọ́pàá máa ń yìn létí òkun lọ́dọọdún. Ìró náà dún, gbàù! Fèrèsé mì. Ládàánì mọ́sálásí kékeré, ẹni tí kì í wo aago torí pé etí ara rẹ̀ ló gbọ́kàn lé, sáré pe ìrun. Mo ti gbé dàbínù kejì mì, mo ti mu omi lé e, kí àgbá gidi tó dún. Ìyá Thani tí ògiri kan ṣoṣo pààlà èmi àti ẹ̀ ké láti orí òrùlé rẹ̀: "Ìyá Suhail! Ṣé àgbá méjì ni wọ́n yìn lónìí ni?"

Àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe àgbá. Bàlúù kékeré tí kò ní awakọ̀ ni wọ́n rán wá láti òdìkejì omi, níbi tí ogun ti ń jà, ó sì já lu ilé ẹ̀rọ ńlá tó wà lójú ọ̀nà aṣálẹ̀, níbi tí àwọn ará òkèèrè kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà wọn sí. Suhail ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Mo tún pè é. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn tòun ti ife omi lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ti ń kí ìrun alẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó wọlé, eérú kún orí rẹ̀, ó ní, "Màámi, apá ibòmíì ni mo wà, kò kàn mí." Mo gbá a léjìká dáadáa, lẹ́yìn náà mo wá dì mọ́ ọn.

Lèmọ́mù ní ààwẹ̀ òní bàjẹ́, a máa gbà á padà lẹ́yìn ọdún ìtunu ààwẹ̀. Juma, àbúrò olóògbé ọkọ mi, ní ilé-iṣẹ́ tó ni kọ̀ǹpútà ló yẹ kó bá wa gbà á.

Ààwẹ̀ kẹwàá

Káàdì báńkì ò ṣiṣẹ́ níbikíbi látàná. Níwájú ilé búrẹ́dì, mo rí àwọn ọkùnrin tí mọ́tò wọn gùn tó ilé, wọn ò ní dirham kan tí wọ́n fẹ́ fi ra búrẹ́dì. Èmi ní owó nínú agolo mílíìkì, agolo tí Suhail fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ọjọ́ ti pẹ́. Mo ra tèmi, mo ra ti mẹ́ta nínú wọn. Ọ̀kan ní òun máa fi owó náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo ní kó máa ránṣẹ́ síbi tó bá wù ú. Tòmátò ti kúrò ní dirham mẹ́rin, ó di mẹ́wàá. Ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì ń fi bírò kọ orúkọ aláìsàn sórí páálí.

Ìyá Thani wá sunkún sí mi lọ́rùn.

"Gbogbo fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ mi ló ti lọ! Thani ní inú ìkùukùu ló wà. Mo ní inú ìkùukùu kẹ̀? Báwo lèèyàn ṣe ń fi bọ́m̀bù lu ìkùukùu?"

"Ilé ni, Ìyá Thani. Ilé tó ní ilẹ̀kùn, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù."

"Ilé lásán? Kí wá ni wọ́n ń pè é ní ìkùukùu sí? Òpùrọ́ gbáà ni wọ́n!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Àgọ́ ìṣínu wa ò dáwọ́ dúró o, ogun tàbí kò sógun. Láti ọdún tí bàbá Suhail ti kú ni mo ti ń pa á síwájú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, kí àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ní ẹbí níbí lè rí ibi ṣínu: àwọn tó ń kọ́lé, àwọn tó ń gbá títì, àwọn aláàárù. Wọ́n tó ọgọ́ta lónìí. Kamrul, ọmọ Bangladesh tó ń ru ẹrù fún agbaṣẹ́ṣe kan, ló ń tẹ́ ẹní, òun ló sì ń pín oúnjẹ, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Gul Zaman tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn náà ń jẹ tirẹ̀ lẹ́nu géètì, torí ó ní òun ò lè fi géètì sílẹ̀. Gbọ̀ngàn ọ̀hún wà ní títì. Ta ló ń ṣègbéyàwó nírú àsìkò yìí?

Ààwẹ̀ kejìlá

Eruku láti àárọ̀. Mo lọ bá ìyàwó Juma se kọfí fún àwọn tó wá bá ọkọ rẹ̀ ṣe fàájì lẹ́yìn ìrun àṣámù. Aṣọ títa ló wà láàrin yàrá àwọn ọkùnrin àti tiwa, àmọ́ ohùn Juma ò mọ aṣọ.

Juma ní, "Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́. Irin ló jóná, kò sẹ́ni tó kú."

Dhahi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, dá a lóhùn: "Irin wo? Àwọn tó ń jagun ń fi kọ̀ǹpútà yẹn ṣírò ilé tí wọ́n máa ju bọ́m̀bù sí. Tó bá jẹ́ bárékè sójà ni wọ́n kọ́ tì wá, ṣé a ò ní pariwo? Bárékè ni, a kàn rò pé ṣọ́ọ̀bù ni."

"Bàbá Dhahi, owó ìfẹ̀yìntì yín náà wà nínú bárékè ọ̀hún o," ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Tèmi wà ní báńkì," ni Juma wí.

"Báńkì ọ̀hún wà níbo, Ẹ̀gbọ́n?"

Wọ́n fi Juma rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní àwọn tó ni ilé ẹ̀rọ ń sùn dáadáa lórí bẹ́ẹ̀dì wọn lókè òkun, àwa tí a kàn yá wọn nílẹ̀ ni bọ́m̀bù ń bá wí. Ẹlòmíì fẹ́ fi fídíò hàn wọ́n, pé àwọn èèyàn kan nílùú òkèèrè ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn olówó ò rí fóònù tẹ̀ mọ́. Juma ní kó pa nǹkan yẹn rẹ́ kíá, torí àwọn ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú awakọ̀ kan tó ya fọ́tò èéfín ilé ẹ̀rọ náà.

Kò sẹ́ni tó bi àwa tó wà lẹ́yìn aṣọ. Tí wọ́n bá bi mí ni, ǹ bá ní kí wọ́n dá ọmọ mi padà wálé, kí ìyókù máa jó lọ.

Ààwẹ̀ kẹtàlá

Kùrukùru bolẹ̀. Ẹran àgùntàn ti wọ́n débi pé apá mi ò ká a. Mo fi adìyẹ se harees, oúnjẹ àlìkámà tí à ń fi ẹran rò, kò sì sẹ́ni tó ráhùn.

Ààwẹ̀ kẹrìnlá

Ọjọ́ mélòó kan nìyí tí mo ti ń rí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n fi tapólì bò, ó ń wọ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Mo rò pé àga ni wọ́n ń kó. Lónìí, bí mo ṣe ń ṣe àlùwàlá àfẹ̀mọ́júmọ́, mo gbọ́ nǹkan tó ń kùn nínú ògiri tó wà láàrin èmi àti gbọ̀ngàn, kò sì dákẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gba orí ògiri wọ àgbàlá mi. Ewé òdòdó jásímínì mi ti rọ ní gbogbo apá ọ̀hún.

Suhail ń mu tíì sààrì lọ́wọ́. Mo jókòó síwájú rẹ̀.

"Kí ló wà nínú gbọ̀ngàn?"

"Gbọ̀ngàn wo, Màámi?"

"Suhail."

Ọmọ tí mo fún lọ́mú. Ó gbé ife sílẹ̀. Ó ní àwọn kọ̀ǹpútà tí iná ò jó ni, wọ́n kó wọn síbẹ̀ kí ọ̀tá má baà mọ̀. Ilé ìwòsàn wà nínú wọn, báńkì wà nínú wọn.

"Ta ló júwe gbọ̀ngàn yẹn fún wọn?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Èmi ni. Wọ́n kọ́ ọ fún àwọn obìnrin, kò ní fèrèsé kankan tí ọkùnrin lè gbà yọjú wò wọ́n. Amúlétutù ibẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún èèyàn. Kò sẹ́ni tó máa fura sí i láé."

"Àwọn ọkùnrin tó ń jẹun níwájú rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o rántí wọn?"

Kò rántí wọn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò rántí wọn rárá, ó sì dùn mí ju irọ́ tó kọ́kọ́ fẹ́ pa lọ.

"Ọjọ́ díẹ̀ péré ni, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́. Tọ́rọ̀ yìí bá jáde, ẹ̀wọ̀n ni mò ń lọ. Tẹ́ ẹ bá sì ká àgọ́ kúrò níbi tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ta ni ò ní bèèrè ìdí? Ta ló máa kọ́kọ́ bèèrè, tí kì í ṣe Ìyá Thani?"

Òótọ́ ló sọ. Mo gbààwẹ̀ mi, mi ò lè gbàdúrà.

Ààwẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo se oúnjẹ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, mo wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà mi, wọ́n tò lọ lórí ẹní, ẹ̀yìn wọn kọ sí ògiri gbọ̀ngàn. Àsìkò yìí gan-an ni bàlúù àkọ́kọ́ wá. Tí mo bá sọ fún wọn, mo ti fi ọmọ mi sẹ́wọ̀n. Tí mi ò bá sọ, kí ni mo fi ń bọ́ wọn?

Mo gbé àga jáde, mo gbé e sẹ́bàá géètì, mo jókòó. Láti ọdún tí mo ti ń bọ́ wọn, mi ò jókòó tì wọ́n rí. Obìnrin ilé wa kì í jókòó sáàrin ọkùnrin àjèjì. Àmọ́ mo ní tí nǹkan kan bá máa ṣe wọ́n, kó ṣe èmi náà. Kamrul fi aṣọ ọrùn rẹ̀ nu àga náà kí n tó jókòó dáadáa.

"Màmá, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá. Lọ jẹun."

Gul Zaman gbé omi wá fún mi, ó fọwọ́ sáyà kí mi. Ìyá Thani ti rí mi láti orí òrùlé. "Ìyá Suhail, àbí ọkọ lẹ̀ ń wá?" Mo ní kó bá mi mú èyí tó ga níbẹ̀.

Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Mo dé inú ilé, mo jókòó sílẹ̀ tòun ti ìbòjú mi, mi ò tú u.

Ààwẹ̀ kẹtàdínlógún

Mo gbọ́n ọgbọ́n kan. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo mú ọ̀bẹ, mo gé okùn àgọ́ lójú mẹ́rin, mo sì fa aṣọ rẹ̀ ya. Mo ní afẹ́fẹ́ ló fà á ya, a ò ní lè pa á mọ́ lọ́dún yìí. Kí n tó jí lójú oorun ọ̀sán, Kamrul àti àwọn mẹ́ta kan ti rán an. Rírán wọn lẹ́wà ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tò síwájú mi, wọ́n ń retí kí n yìn wọ́n. Mo yìn wọ́n.

Ààwẹ̀ kejìdínlógún

Ọgbọ́n kejì. Mo di oúnjẹ sínú ike, ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbà á, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ike lórí itan.

"Kamrul, mo ní kí ẹ gbé e lọ sílé."

"Màmá, àwa méjìlá la wà nínú yàrá wa, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Níbo la fẹ́ tẹ́ oúnjẹ sí? Ibí yìí tẹ́ wa lọ́rùn."

Wọ́n tilẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo rí àwọn ojú tuntun tí mi ò mọ̀ rí, bí ogún. Mo bi ara mi pé irú adùn wo ló wà nínú oúnjẹ mi tó ń pe èèyàn sẹ́nu ikú. Mo tún gbé àga mi jáde.

Ààwẹ̀ ogún

Èmi àti Suhail jà. Mo ní ọjọ́ díẹ̀ tó wí ti ń di oṣù. Ó ní káàdì ti ń ṣiṣẹ́, ṣé mi ò rí i pé ọkàn ìlú ti ń balẹ̀? Mo ní mo rí i. Mo rí àwọn èèyàn tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ lórí fóònù, tí wọn ò mọ orí ta ni wọ́n gbé e kà. Ó ní, "Màámi, ẹ má jókòó síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀mí mi ò gbé e." Mo ní tàwọn tó ń jókòó sórí ẹní ni ẹ̀mí rẹ̀ gbé? Ó jáde, kò jẹ sààrì.

Ààwẹ̀ kọkànlélógún

Bàlúù kékeré méjì ló wá nígbà ìṣínu. Àwọn sójà yìn wọ́n lókè orí wa. Ọ̀run pọ́n, irin gbígbóná sì ń já bọ́. Ọ̀kan já sínú ọgbà Ìyá Thani, ó pa ewúrẹ́ rẹ̀.

Nǹkan tí mi ò lè gbàgbé nìyí. Nígbà tí ìró àkọ́kọ́ dún, gbogbo àwọn ọkùnrin yẹn yíjú padà. Wọn ò wojú ọ̀run. Èmi ni wọ́n ń wò. Ẹsẹ̀ mi ti kú, mi ò lè dìde kúrò lórí àga, mo kàn jókòó gbọnin, ẹnu mi ń ka Àyátúl-Kúrúsíyyù fún ààbò. Bí wọ́n ṣe rí i pé mo jókòó, àwọn náà ò kúrò. Kamrul bu ìrẹsì, ó ń jẹun lọ.

Mi ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ó ti tó.

Ààwẹ̀ kejìlélógún

Mo háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lójú ọ̀sán gangan. Mo ká àgọ́, mo ká ẹní, mo kó ìkòkò, ó di èbúté àwọn apẹja. Suhail pè mí láti ibi iṣẹ́.

"Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Afẹ́fẹ́ òkun wù mí."

"Ẹ ti pa mí."

"Wàá wà láàyè, Suhail. Gbogbo yín lẹ máa wà láàyè." Mo pa fóònù.

Mo bẹ Gul Zaman pé kó tẹ̀ lé wa. Ó mi orí. "Ẹnu géètì yìí ni wọ́n ń sanwó fún mi lé lórí, Màmá." Mo gbé àwo rẹ̀ fún un, mo ní tó bá gbọ́ ìró kankan, kó sá. Ó ní ó ti yé òun. Ẹ̀rín rẹ̀ ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ní èbúté, àwọn ọkùnrin náà jókòó wọ́n ń wo ara wọn. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Àwọn ẹyẹ òkun jí sàmúsà wa gbé.

Ààwẹ̀ kẹtàlélógún

Ìyá Thani ò tiẹ̀ dúró kí n ní kó jókòó.

"Kí ló wà nínú gbọ̀ngàn?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìyá Suhail, ọgbọ̀n ọdún la ti jọ ń gbé. Ẹ ò mọ irọ́ pa rí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lónìí." Ó fetí mọ́ ògiri mi, ó gbọ́ ohun tó ń kùn. Ojú rẹ̀ yí padà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé márùn-ún ti kó ẹrù sọ́kọ̀. Àwọn kan ń ké sí mi lójú pópó pé Ọlọ́run á san mí lẹ́san rere. Àwọn kan ò kí mi.

Juma ò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí tó ti ń pariwo. "Ẹ ti fi ìka júwe wa fún ọ̀tá! Ọkùnrin ọgọ́rin ń jẹun níbì kan, wọ́n ká ẹní lọ́sàn-án gangan! Ta ni ò ní rí i láti ojú ọ̀run? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa jẹ́ kí wọ́n lù wá!"

"Kí n fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, Juma?"

"Ẹ ò bá ti bi mí!"

"Wàá ti sọ pé kí n fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀."

Ó lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọlọ́pàá kan dé, ọ̀dọ́, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

"Ìyá wa, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣí àgọ́ kúrò?"

"Ooru ni."

"Ooru, nínú oṣù kẹta?"

"Ọmọ mi, nígbà tó o bá dàgbà tó mi, ooru á máa mú ẹ nígbàkígbà tó bá wù ú."

Ó wo àgbàlá. Ó wo jásímínì tó ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ọ̀hún ń fẹ́ fìlà rẹ̀. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun á padà wá. Mi ò sùn, mò ń retí kí wọ́n wá mú Suhail.

Ààwẹ̀ karùndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti lu gbọ̀ngàn.

A wà ní èbúté, dàbínù ṣì wà lẹ́nu wa. A rí iná náà kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀. Mo mọ ibi tó ti wá kí ẹnikẹ́ni tó sọ. Suhail ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti halẹ̀ mọ́ ọn pé tí kò bá wá ṣínu lọ́dọ̀ mi, mi ò ní jẹun. Òun àti Kamrul sáré wọ ọkọ̀, mo rọ́ra mi wọ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ògiri àgbàlá mi ti wó. Ilẹ̀kùn irin gbọ̀ngàn náà ti fò, ó sùn lé ibi tí ẹní wa máa ń wà gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gul Zaman wà lábẹ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tó dún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lójú méjì. Kamrul àti àwọn yòókù ló fọwọ́ gbé e jáde. Ó rí mi, ó ní, "Màmá, mi ò sá." Mo sunkún níwájú gbogbo wọn.

Ààwẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Káàdì tún ti kú. Ìlú tún wà nídìí ilé búrẹ́dì. Àwọn kan ń bú ilé-iṣẹ́ pé wọ́n fi ilé ìgbéyàwó bo ara wọn. Àwọn kan ń bú èmi pé ẹnu mi ló pe bọ́m̀bù, pé ìyàwó àwọn wà nílé ìwòsàn, dókítà ò rí ìwé rẹ̀ wò. Mi ò lè bá wọn jiyàn, torí mi ò mọ̀. Bóyá ọ̀tá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bóyá èmi ni mo sọ fún un. Màá kú tòun ti ìbéèrè yẹn.

Àmọ́ àwọn tó pọ̀ jù ń yìn mí. Àtẹ oúnjẹ ń wọlé láti òwúrọ̀. Dhahi rán ewúrẹ́. Ìyá Thani ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹni Ọlọ́run ló ń bá òun pààlà, pé èmi ni mo gba ọgọ́rin ọkùnrin là. Ara mi ń gbá yìn-ìn, mi ò ní purọ́. Ó dùn mọ́ mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kamrul wá gbé ìkòkò. Mo ní kó jókòó. Mo fẹ́ kó dárí jì mí, kí n lè gbádùn ìyìn mi tán. Mo sọ fún un pé mo ti mọ̀ láti ààwẹ̀ kẹrìnlá, pé nítorí ọmọ mi ni mo ṣe dákẹ́.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Màmá, àwa náà mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"Àwa la ru ẹ̀rọ yẹn wọlé. Ta lẹ rò pé ó rù ú? Agbaṣẹ́ṣe gba fóònù wa, ó ní tá a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dá wa padà sílé lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀rù bà wá. A jókòó nínú yàrá, a ní a ò ní lọ jẹun níbẹ̀ mọ́, a máa lọ sí mọ́sálásí ńlá. Gbogbo wa la fẹnu kò."

"Kí ló wá mú yín dúró?"

"Ọjọ́ yẹn lẹ gbé àga jáde." Ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dúpẹ́. "Ẹ ò jókòó tì wá rí. A ní, wò ó, ọ̀gá ni ọmọ Màmá níbi iṣẹ́ yẹn. Tí ewu bá wà níbẹ̀, ṣé ó máa jẹ́ kí ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu géètì? A ní ibẹ̀ ló láàbò jù nílùú. Àwa la pe àwọn tí ẹ ò mọ̀ wọ̀nyẹn wá. Lọ́jọ́ tí irin ń já bọ́, gbogbo wa ti fẹ́ sá. A wò yín, ẹ jókòó. A jókòó."

Mo bi í bóyá ìrẹsì ọ̀la máa tó. Ó ní ó máa tó.

Mo kó gbogbo àtẹ tí àwọn èèyàn gbé wá, mo ní kí ó kó wọn lọ fún àwọn tó wà nínú yàrá wọn. Mi ò lè fẹnu kàn án.

Ààwẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n

Atẹ́gùn òkun tutù. Gul Zaman ti sọ̀rọ̀ dáadáa nílé ìwòsàn lónìí, ó ń bèèrè ta ló ń ṣọ́ géètì. Mo ní kò sí géètì mọ́.

Suhail wọlé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ọlọ́pàá yẹn ti bi í léèrè ọ̀rọ̀ léraléra, wọ́n ti fi í sílẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti rù. Ó jókòó síbi tó jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ó mú tẹ̀sùbáà mi, kò kà á. Mo mọ ojú yẹn.

"Màámi, wọ́n ti rí ibòmíì. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn kọ̀ǹpútà tó kù lọ síbẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ sọ fún yín kí ẹ lè... Àmọ́ ẹ búra fún mi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Má sọ fún mi nígbà náà."

"Màámi..."

"Gbọ́ mi dáadáa, ọmọ mi. Ohunkóhun tó o bá sọ fún mi nínú yàrá yìí, mo máa lọ sọ ọ́ fún Kamrul kó tó tẹ́ ẹní. Màá pe orúkọ ibẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ mú mi, kí wọ́n wá mú mi. Nítorí náà, ronú kó o tó lanu."

Ó ka tẹ̀sùbáà náà tán, ó gbé e sílẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú.

Ó wá sọ ibẹ̀ fún mi.

Mo dìde, mo so ìbòjú mi mọ́jú, mo wọ abaya, mo jáde lọ wá Kamrul.